Ọwọ́ Òfìfo Kò Yẹ Àlejò Tí A Fìwé Pè

Bí oṣù Èrèlé bá ti wọlé, tí ọjọ́ 21 rẹ̀ sì ń kù sí dẹ̀dẹ̀, lẹ́tà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ àwọn tí ń kọ ìwé ní èdè Yorùbá. Ọjọ́ náà ni àjọ UNESCO fọwọ́ sí ní ọdún 1999 pé kí gbogbo ayé máa fi ṣe àjọ̀dún èdè abínibí, ilé ìwé púpọ̀ ní ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire kò sì fẹ́ kí ó kọjá lásán. Lẹ́tà wọn a máa dùn ún kà. Wọn yóò kí òǹkọ̀wé bí a ti ń kí àgbà, wọn yóò ní ìwé rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń kà, wọn yóò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ wá fi ojú kàn wọ́n. Wọn yóò kọ ọjọ́, wọn yóò kọ aago, wọn yóò tilẹ̀ sọ irú aṣọ tí àwọn ọmọ yóò wọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí lẹ́tà náà kì í sábà mẹ́nu bà ni ẹni tí yóò san owó ọkọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ bá pé, òǹkọ̀wé yóò jí ní ìdájí, yóò wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Adó-Èkìtì, tàbí láti Òṣogbo dé Abẹ́òkúta. Yóò sọ ìtàn bí ìwé rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, yóò dáhùn ìbéèrè ọmọdé àti ti olùkọ́, yóò fọwọ́ sí ìwé títí ọwọ́ yóò fi máa ro ó. Bí ó bá wá ku kí ó máa lọ, ọ̀gá ilé ìwé yóò dìde, yóò ní: "Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. A kò lè san oore yìí, Ọlọ́run Ọba ni yóò bá wa san án fún yín." Àwọn ọmọ yóò pàtẹ́wọ́, ó parí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ọjọ́ kan náà, ẹni tí ó gbé kánópì wá ti gba owó tirẹ̀ kí ó tó ri òpó irin kan mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ amóhùnbúgbàmù wá ti gba tirẹ̀. Ayafọ́tò ti gba ìdajì, yóò sì gba ìyókù kí ó tó kó àwòrán sílẹ̀. Òǹkọ̀wé tí a tìtorí rẹ̀ pé jọ nìkan ni a fi Ọlọ́run ṣe onígbọ̀wọ́ fún.

Kì í ṣe pé ọ̀gá ilé ìwé náà jẹ́ ènìyàn burúkú. Ohun tí ó gbàgbọ́ ni pé àṣà Yorùbá ni òun ń tẹ̀lé. Yóò ní ìmọ̀ kì í ṣe ọjà. Yóò ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Yóò ní àgbà tí ó bá ń béèrè owó kí ó tó bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ti sọ ara rẹ̀ di aláròóbọ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ àṣà ni a fi ń ṣe é, ó yẹ kí á bi àṣà fúnra rẹ̀ léèrè bóyá òun ni ó ni ín.

ÀÁRÓ, Ọ̀WẸ̀ ÀTI ÀGBÀṢE

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣíṣe fún ọmọnìkejì sílẹ̀ láìlétò. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni wọ́n là sílẹ̀, olúkúlùkù ni ó sì mọ òfin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni àáró. Bí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà bá da àáró pọ̀, oko èyí ni wọn yóò jọ ro lónìí, oko tọ̀hún lọ́la, títí yóò fi kárí. Owó kò jáde, ṣùgbọ́n gbèsè wà nílẹ̀. Ẹni tí a bá ti ro oko tirẹ̀, tí ó wá di ọjọ́ ẹlòmíràn tí ó fi àìsàn bojú, kò tún ní rí ẹni tí yóò bá a dá a mọ́.

Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Èyí ni ti ẹni tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún ju agbára rẹ̀ lọ, bí ẹni tí ó fẹ́ bo òrùlé ilé, tàbí ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ àna. Yóò ké sí ẹbí, yóò ké sí ará àdúgbò. Wọn kò ní gba owó, wọn kò sì ní dá ọjọ́ tí yóò san án padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò pèsè oúnjẹ, òun ni yóò wá ẹmu, oúnjẹ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a ń jẹ nínú ilé lójoojúmọ́. Ìyàwó ilé yóò ti gún iyán kí oòrùn tó mú. Ẹni tí ó bá bẹ ọ̀wẹ̀ tí kò gbé ìkòkò kaná ti fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ìròyìn rẹ̀ yóò sì ṣáájú rẹ̀ dé ọjà.

Ẹ̀kẹta ni àgbàṣe. Alágbàṣe àti olóko yóò jọ wo ilẹ̀, wọn yóò jọ dúnàádúrà, wọn yóò fi ẹnu kò sí iye kan kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, owó yóò yọjú. Kò sí ẹni tí ń pe alágbàṣe ní olójúkòkòrò nítorí pé ó béèrè iye tí wọn yóò san.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé òǹkọ̀wé tí ilé ìwé ránṣẹ́ pè sí orí ìwọ̀n yìí. Kì í ṣe àáró, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí àwọn olùkọ́ yóò wá bá a kọ orí kan nínú ìwé rẹ̀. Bí a bá ní àgbàṣe ni, ó yẹ kí á ti sọ iye. Bí a bá sì ní ọ̀wẹ̀ ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni, níbo ni ìkòkò wà lórí iná? Owó ọkọ̀, ibi tí yóò sùn bí ọ̀nà bá jìn, oúnjẹ tí yóò jẹ, ìwé rẹ̀ tí a ti rà sílẹ̀ kí ó tó dé: èyí ni iyán ọ̀wẹ̀ ní òde òní. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó fún ẹni tí ó ránṣẹ́ pe ènìyàn ní ààyè láti jẹ́ kí ó padà pẹ̀lú gbèsè ọkọ̀ ní ọrùn rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìyá àgbà tí ń pa àlọ́ ní ojú òṣùpá kò gba kọ́bọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ilé rẹ̀ ni ìyá àgbà wà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń ro oko tí ó ń jẹ, àwọn aya ọmọ rẹ̀ ni ó ń se ọbẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ tí ó ń pa àlọ́ fún ni ó ń pọn omi tí ó ń wẹ̀. Ó sì ní àṣẹ láti sọ pé oorun ń kun òun, kí àlọ́ di ọ̀la. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń ṣe ti ilé rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí a ránṣẹ́ pè kúrò nídìí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni a ti gbàgbé tí a fi ń pe ìfowó-dunni ní àṣà.

OLÓHÙN KÌ Í RELÉ LỌ́WỌ́ ÒFO

Bí a bá tún wo àwọn tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n fi ń jẹun láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Ẹni tí ó bá lọ dá Ifá yóò mú owó dání, yóò sọ ohun tí ó bá a wá sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, yóò sì fi í lélẹ̀ níwájú babaláwo. Owó náà lè kéré, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣàìsí níbẹ̀. Onílù tí ó bá ki ìdílé ènìyàn dé orí baba ńlá rẹ̀ kì í kúrò lójú agbo lásán. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ni ó ń tọ́jú ìtàn àwọn ọba. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, jẹ́rìí pé lọ́dọ̀ irú wọn ni ìtàn ìgbàanì ti wá. Ó ní ìdílé ni wọ́n ń jogún iṣẹ́ náà, abẹ́ ọba ni wọ́n sì wà. Ọba mọ̀ pé bí ebi bá pa arọ́kin, ìtàn ọba náà ni yóò sọnù.

Ní ayé ọ̀làjú pàápàá, a ní àpẹẹrẹ Hubert Ògúndé. Ọlọ́pàá ni ní ọdún 1944, nígbà tí ó kọ́kọ́ gbé eré ṣe fún ìjọ rẹ̀ ní Èkó. Àwọn ènìyàn gba eré náà tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní ọdún 1945, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ tí ènìyàn ń sanwó kí ó tó wò. Àwọn kan lè máa wò ó nígbà náà bí ẹni tí ó fi ọ̀pá ìjọba tọrọ igbá. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ni àwọn Dúró Ládiípọ̀ àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi rí ọ̀nà tọ̀, òun náà ni a sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé ìwé títí di òní.

OHUN TÍ Ó YÍ PADÀ

Ó yẹ kí á wádìí ibi tí ìwà pípe òǹkọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́ ti wá, nítorí pé kò ṣàdédé ṣẹlẹ̀. Ẹ wo àwọn àgbà tí ó fi ìpìlẹ̀ ìwé Yorùbá lélẹ̀. D. O. Fágúnwà, ẹni tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938, olùkọ́ ni ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, kí ó tó di òṣìṣẹ́ ìjọba. J. F. Ọdúnjọ tí ó kọ Aláwìíyé jẹ́ olùkọ́, ó sì tún di mínísítà ní Ìwọ̀-Oòrùn. Olùkọ́ ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tí ó kọ Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969. Ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni Adébáyọ̀ Fálétí ti ṣiṣẹ́. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ẹni tí ó kọ Ó Le Kú ní ọdún 1974, jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Oṣù ń parí fún wọn, owó oṣù sì ń wọlé. Bí irú wọn bá lọ sí ilé ìwé kan lọ́fẹ̀ẹ́, a jẹ́ pé owó oṣù ni ó gbé wọn lọ, owó náà ni ó sì gbé wọn padà.

Fálétí ti lọ ní ọdún 2017, Ìṣọ̀lá tẹ̀ lé e ní 2018, Òkédìjí ní 2019. Nínú àwọn tí ó kù àti àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn kan kò ní owó oṣù kankan. Ìwé ni iṣẹ́ wọn. Àǹfààní tí ó sì wà nínú ìwé kò tó nǹkan. Ìdá 10 nínú 100 iye tí a ta ìwé ni akọ̀wé sábà máa ń gbà lọ́wọ́ atẹ̀wé. Bí ìwé kan bá jẹ́ ₦2,000, ₦200 ni tirẹ̀. Bí ó bá lọ sí ilé ìwé kan tí ogójì ọmọ sì ra ìwé rẹ̀, ₦8,000 ni yóò kàn án, ó sì lè tó oṣù mẹ́fà tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kí a má sì gbàgbé pé ilé ìwé mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀dà kan ni olùkọ́ yóò rà, tí yóò fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ìyókù fún gbogbo kíláàsì. Òfin àṣẹ-lórí-ìwé ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, fi ìjìyà sí irú rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò tíì dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìkàwé.

Bẹ́ẹ̀, ìgbà yìí ni a nílò wọn jù. Ní ọdún 2018, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí a máa kọ́ èdè Yorùbá ní gbogbo ilé ìwé, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni. Òfin lè mú kí ọmọ jókòó ní kíláàsì Yorùbá. Kò lè mú kí ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tí ó kọ ìwé tí òun ń kà, tí ó gbọ́ pé abúlé bí tirẹ̀ ni ẹni náà ti jáde wá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun náà lè kọ ọ́.

IBI TÍ OWÓ Ń GBÀ LỌ

"Owó kò sí" ni ìdáhùn tí ó máa ń tètè jáde. Fún ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìjọba, kì í ṣe irọ́. Òfin ẹ̀kọ́ kárí-ayé ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ó ya owó tí kò dín ní ìdá 2 nínú 100 nínú àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún un, ó sì ní kí àwọn ìpínlẹ̀ dá tiwọn lé e. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a yàn fún owó náà wà, kì í sì í ṣe owó tí ọ̀gá ilé ìwé kan lè nawọ́ mú láti fi gba àlejò. Ọ̀gá náà kò sì gbọdọ̀ ní kí àwọn ọmọ lọ gba owó wá. Ìṣòro rẹ̀ yé ni.

Àmọ́ kí á yí ojú sí ilé ìwé aládàáni, àti sí àwọn ilé ìwé tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wọn ń dáwó. Ìdíje eré ìdárayá ń náni lówó: aṣọ aláwọ̀ mẹ́rin, ife ẹ̀yẹ, kánópì, ohun mímu àlejò pàtàkì. Àṣeyẹ ìparí ọdún ń náni ju bẹ́ẹ̀ lọ: akẹ́rìmọyọ̀, aṣọ ìgúnwà tí ọmọ ọdún márùn-ún yóò wọ̀ fún wákàtí méjì, orin, fótò, àti abọ́ ike tí a tẹ orúkọ ilé ìwé sí lára. Kò sí èyí tí ó burú nínú rẹ̀. Ìdùnnú ọmọ ni ìdùnnú òbí. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé ẹnikẹ́ni kì í ké sí ẹni tí ń ta abọ́ ike kí ó wá fi abọ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́rin tọrẹ nítorí Ọlọ́run. Bí ilé ìwé kan bá ní ọmọ 400, tí òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì fi ₦200 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ₦80,000 ni yóò jẹ́. Ohun tí a bá fi sí iwájú ni owó ń tọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tí ó bá rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà, kí ó wo ìlú Ọba. Ọmọ tiwa kan tí a bí sí Nàìjíríà, Atinuke, ń gbé ní Wales. Ìtàn sísọ ni ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìwé rẹ̀ Anna Hibiscus tó jáde ní ọdún 2007. Ní ilẹ̀ tí ó wà, iṣẹ́ tí ó ní owó ọ̀yà ni lílọ sí ilé ìwé lọ sọ ìtàn jẹ́. Society of Authors, ẹgbẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé dá sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1884, ń gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn lórí bí wọn yóò ṣe sọ iye owó wọn. Síbẹ̀ náà, ìjà kò tíì tán. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2016, Philip Pullman, tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, kọ̀wé fi ipò alátìlẹ́yìn àjọ̀dún ìwé kan ní Oxford sílẹ̀ nítorí pé àjọ̀dún náà kò ń sanwó fún òǹkọ̀wé. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n ń sanwó àgọ́, wọ́n ń sanwó ìtẹ̀wé, àwọn òǹkọ̀wé nìkan ni wọ́n ní kí ó ṣe é lásán. Ọ̀rọ̀ kánópì wa nìyẹn ní èdè òyìnbó.

OHUN TÍ Ó ṢEÉ ṢE

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Àkọ́kọ́, ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ni kí á ti kọ àlejò òǹkọ̀wé sínú ètò ìnáwó, bí a ti ń kọ ìdíje eré ìdárayá. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé ìnáwó ní oṣù Ọ̀wẹ̀wẹ̀ kò lè ṣàdédé yọ ní oṣù Èrèlé. Ẹ̀kejì, kí lẹ́tà sọ òótọ́. Iye tí ilé ìwé ní ni kí ó kọ, kékeré ni o, ńlá ni o, kí ó sì sọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀. Òǹkọ̀wé tí ó bá rí ọwọ́ kékeré tí ó ṣí sílẹ̀ lè gbà, ó sì lè fi ẹ̀bùn tirẹ̀ kún un. Ẹ̀bùn kì í jẹ́ ẹ̀bùn bí kò bá jẹ́ pé olówó rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un wá.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé ìwé tí kò ní lọ́wọ́ da ọ̀rọ̀ pọ̀ ṣe àáró láàárín ara wọn. Bí ilé ìwé mẹ́rin ní ìlú kan bá jọ pe òǹkọ̀wé kan fún ọjọ́ méjì, owó ọkọ̀ kan ni, ilé ìsùn kan ni, ọmọ ilé ìwé mẹ́rin ni yóò sì gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ń kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé tí wọ́n sì ń tẹ orúkọ ara wọn sí i lára lè gbé èyí náà rù. Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá wà ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì mọ ilé ìwé àti òǹkọ̀wé. Kò sí ẹni tí ó yẹ láti ṣe alárinà jù wọ́n lọ. Ẹ̀kẹrin, bí owó kò bá tilẹ̀ sí rárá, kí á ra ìwé rẹ̀ sí ilé ìkàwé kí ó tó dé. Àwọn ọmọ yóò ti kà á, ìbéèrè wọn yóò sì já gaara.

Àwọn òǹkọ̀wé náà ní ẹrù tiwọn láti rù. Ẹni tí yóò gba owó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ owó. Kí ó dé ní àkókò, kí ó ti ronú sí ohun tí yóò sọ, kí ó má sì sọ pápá ilé ìwé di ìsọ̀ ìwé, níbi tí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí owó ìwé fún yóò ti máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kí ó sọ iye rẹ̀ ní ṣàkó láìfi ojú ṣé. Dídákẹ́ tí ọ̀pọ̀ àgbà ń dákẹ́ nítorí ìtìjú wà lára ohun tí ó sọ ìwà yìí di bárakú.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ má gbàgbé pé àwọn ọmọ ń wò wá. Wọ́n rí ẹni tí ó gbé orin wá tí ó ń ka owó rẹ̀ nídìí ògiri. Wọ́n sì rí ẹni tí ó kọ ìwé wọn tí ó ń dúró de ọkọ̀ èrò lẹ́bàá ọ̀nà, àpò ìwé ní èjìká. Bí a bá fi odindi sáà mẹ́ta kọ́ wọn pé èdè Yorùbá níyì, ohun tí wọ́n rí ní ọ̀sán ọjọ́ kan yẹn ni wọn yóò gbà gbọ́.